Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ohun Ààbò Rìgì Aládàáṣiṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ra Tirẹ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún wáyà àti páńẹ́ẹ̀lì rìgì ìgbẹ́-kànga ṣe ní Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí rìgì tí a ń fi ọwọ́ tẹ lífà rẹ̀ ti ń dín kù nílẹ̀, tí àwọn tòkunbọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà, tó ń fúnra wọn gbé rọ́ọ̀dù (ọ̀pá irin ìgbẹ́lẹ̀), tó sì ń fúnra wọn wọn agbára tí wọn yóò fi ti hámà wọ inú àpáta, ń gba ipò wọn. N kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn, nítorí pé ilẹ̀ wa kò rí bí iyanrìn àti amọ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ lápá Ìfọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi ní Àṣẹ́rò tàbí ní Òkè-Mosàn gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún òkúta. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó kó owó tó lè kọ́lé sórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni yóò tún fi wáyà tí kò tó nǹkan ba ohun tó mú kí ẹ̀rọ náà gbówó lórí jẹ́. Mo gbà pé ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti mọ rìgì, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí pé máásì ni òpó irin gíga tó ń gbé rọ́ọ̀dù dúró, tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sì jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀.

Àṣìṣe kìíní ni ríra rìgì láì dán ohun ààbò rẹ̀ wò. Mo máa ń bá àwọn oníbàárà lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ rà á. Wọ́n á tẹ́tí sí ohùn ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wo àwọ̀ èéfín rẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ ta táyà, wọ́n á fi ìka wo họ́ọ̀sì haidirọ́líìkì bóyá ó ń jò, wọ́n á sì ná owó rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì pupa tó ń dá ẹ̀rọ dúró ní pàjáwìrì. Bí èmi bá tẹ̀ ẹ́, olùtajà á máa wò mí bí ẹni tó wá ba ọjà òun jẹ́. Ẹ tẹ gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Èkejì: ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà jó ohunkóhun mọ́ máásì láìjẹ́ pé ẹ ti yọ orí bátìrì, tí ẹ sì ti fa wáyà PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rìgì) kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti san owó PLC tuntun rí mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bọ́tìnì pupa tí wọ́n so ní òdì. Bọ́tìnì pàjáwìrì tí wọ́n so dáadáa máa ń jẹ́ kí iná 24 fóòtì gba inú rẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà. Iná náà á ti inú bọ́tìnì kan bọ́ sí òmíràn yí rìgì ká, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rílé (ṣíwíìsì tí iná ń darí) tó di sólẹ́nọ́ìdì (fáàfù tí iná ń darí) ti ẹ́ńjìnnì àti ti haidirọ́líìkì mú. Ẹni tó bá tẹ èyíkéyìí nínú wọn, iná yẹn ló já, ohun gbogbo á sì dúró. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí eku bá gé wáyà náà, tàbí tí gbígbọ̀n rìgì bá tú orí rẹ̀, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀: ẹ̀rọ á dúró, ẹ ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n rewáyà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ilé nìkan ló mọ̀ á so ó bí agogo ẹnu ọ̀nà, tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ni iná ń kọjá. Yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó dán an wò, yóò sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí wáyà bá wá gé, kò sí ẹni tí yóò mọ̀, títí di ìgbà tí aṣọ ọmọ iṣẹ́ kan bá lọ́ mọ́ rọ́ọ̀dù tó ń yí, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì ń lu bọ́tìnì tí kò gbọ́. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé inú PLC ni wọ́n gba bọ́tìnì náà wọ̀, kí PLC máa pinnu ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Kọ̀ǹpútà tó há ni ẹ fẹ́ kó gbà yín lọ́wọ́ ara rẹ̀ yẹn. Kò burú kí PLC gbọ́ pé a ti tẹ bọ́tìnì, ṣùgbọ́n wáyà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gé agbára.

Ẹ̀kẹrin ló mú kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí rárá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á: dáírẹ́ẹ̀tì. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Lìmíìtì kan, ìyẹn ṣíwíìsì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí apá kan rìgì wà, á ní kí rìgì má ṣiṣẹ́, dípò kí wọ́n wádìí ohun tó rí, wọ́n á gé wáyà kékeré, wọ́n á fi so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ. Mo ṣí páńẹ́ẹ̀lì kan ní Lafẹ́nwá tí mo bá irú wáyà bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Pupa ni, kò gùn ju ìka àárín lọ, eyín ni wọ́n sì fi bó orí rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé ojú eyín ṣì hàn lára rọ́bà rẹ̀. Ibi tó ti fẹ́ kan ara irin, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni wọ́n fi wé e. Lìmíìtì tí wọ́n fi pa lẹ́nu mọ́ ni èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹsẹ̀ rìgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kanlẹ̀ kí máásì tó lè dìde. Ẹni tó ni rìgì náà kò mọ̀ pé wáyà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ṣe é, ó sì ti tà á, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Lójú kọ̀ǹpútà yẹn, ẹsẹ̀ rìgì wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, títí kan ìgbà tó bá ń sáré lójú títì ní Pánṣẹ́kẹ́.

Ohun tí àwọn ẹni tuntun kì í rò ni pé nígbà tó jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló ń tẹ lífà, ojú ẹni náà ń ṣọ́ iṣẹ́, etí rẹ̀ ń gbọ́ bí ohùn hámà ṣe ń yí padà, ara rẹ̀ a sì máa sọ fún un pé kó jáwọ́. Rìgì tó ń fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ kò ní ojú tàbí etí mìíràn ju sẹ́ńsọ̀ àti lìmíìtì lọ. Bí ẹ bá purọ́ fún un nípa ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, yóò gbà yín gbọ́, yóò sì fi gbogbo agbára tó ní ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní Ọbáńtokò. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ oníbàárà mi kan ń ṣàdéédéé kú lẹ́nu iṣẹ́. Irú èyí tó ń fi òróró tu ara rẹ̀ lára ni, ó sì ní sẹ́ńsọ̀ tó máa ń pa á bí ooru òróró náà bá ti tó nǹkan bí 120 lórí ìwọ̀n Celsius, nítorí pé òróró tó bá gbóná ré kọjá ààlà nínú afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ lè gbiná. Awarìgì ní sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n pè mí, mo sì ní kí wọ́n fọ ràdíétọ̀ kí n tó dé, nítorí pé eruku àpáta máa ń pò mọ́ òróró níbẹ̀ títí yóò fi le. Ọ̀gá náà dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, onílé ń dúró de omi.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíràn ti so ó dáírẹ́ẹ̀tì fún un. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fi gan pa, owó tí wọ́n sì fi ra òmíràn ju gbogbo èrè tí wọ́n rí lórí kànga onílé yẹn lọ fíìfíì. Nígbà tí a tú ràdíétọ̀ sílẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò yọ sí iwájú. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ní ó bàjẹ́ ńkọ́? Mo kì í bọ omi tó ń hó lójú gbogbo wọn, ó sì ka ooru omi náà bó ṣe yẹ.

Kì í ṣe àwa ará Ẹ̀gbá nìkan ni irú èyí ń bá jà, àwọn tó ń wa epo lórí òkun náà ti fẹ̀jẹ̀ sanwó rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1988, lórí pèpéle epo Piper Alpha ní Òkun Àríwá lẹ́bàá Scotland, wọ́n ti yí pọ́ńpù omi panápaná kúrò ní ipò tó ti lè fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí àwọn amòòkùn, kí ó má baà fà wọ́n. Nígbà tí iná ṣẹ́ yọ, kò sí ẹni tó ráyè dé ìdí pọ́ńpù láti fi ọwọ́ tàn án. Ènìyàn 167 ló kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2010, rìgì Deepwater Horizon gbiná ní ojú omi Gulf of Mexico, ènìyàn 11 sì kú. Nígbà ìwádìí, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì níbẹ̀ jẹ́rìí pé wọ́n ti dá agogo ìdágìrì lẹ́kun kí ó má baà fúnra rẹ̀ dún, nítorí pé àwọn ọ̀gá kò fẹ́ kí ariwo jí ènìyàn lóru láìnídìí. Nínú ohun tó yẹ kó fúnra rẹ̀ ti ẹnu kànga nísàlẹ̀ òkun, àwọn olùwádìí tún bá bátìrì tí agbára rẹ̀ ti lọ àti wáyà sólẹ́nọ́ìdì tí wọ́n so ní òdì. Ìdí tó dára ni wọ́n ní fún ti pọ́ńpù àti ti agogo yẹn. Ẹni tó ń so dáírẹ́ẹ̀tì kì í ṣàìní ìdí.

Bí ó bá wá di dandan, tí sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́ ní tòótọ́, tí òmíràn kò sì tíì dé láti Èkó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé rìgì: sẹ́ńsọ̀ wo ni, ta ló so ó, ta ló fọwọ́ sí i, ọjọ́ wo ni wọn yóò tú u. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ẹnu páńẹ́ẹ̀lì. Ẹ mú rìgì kúrò ní ipò aládàáṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi ènìyàn kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn dúró ti ohun tí sẹ́ńsọ̀ náà ń ṣọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti sọ mí ní Bàbá Ta-Ló-So-Ó nítorí ìwé yìí, ìyàwó mi pàápàá kì í sì í jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dáírẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nídìí oúnjẹ mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, tàbí ẹ̀kẹfà bí ẹ bá ka ti PLC lọ́tọ̀, ni ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá tú bọ́tìnì pupa. Ìlànà àgbáyé lórí bọ́tìnì pàjáwìrì, ISO 13850, kò fi èyí sínú òkùnkùn: títú bọ́tìnì kò gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ, ńṣe ló kàn ń fàyè sílẹ̀ kí ènìyàn lè wá tàn án. Ẹni tó tú bọ́tìnì lẹ́yìn rìgì lè má rí ẹni tó ki sípánà bọ rọ́ọ̀dù níwájú.

Bọ́tìnì pupa kì í tú afẹ́fẹ́ dànù. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí ohun gbogbo bá ti dákẹ́, ewu ti tán nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí agbára ìfúnpọ̀ rẹ̀ lè tó báà 24, èyí tí géèjì àwọn mìíràn yóò pè ní 350 psi, ṣì wà nínú họ́ọ̀sì. Ẹ ṣí fáàfù tó ń tú u sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé géèjì ti wá sí òdo kí ẹnikẹ́ni tó tú orí họ́ọ̀sì. Okùn irin tó ń di orí họ́ọ̀sì méjì mú pọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ìdè bá já, òun ni kò ní jẹ́ kí họ́ọ̀sì máa na ènìyàn kiri.

Fáàfù ìdẹ̀ orí táǹkì kọ̀mpúrẹ́sọ̀, èyí tó ń tú afẹ́fẹ́ tó bá pọ̀ jù sílẹ̀: bí ó bá ń jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má dí i.

Ọgbà irin tó yí ibi tí rọ́ọ̀dù ti ń yí ká, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ṣíwíìsì tó ń dá rọ́ọ̀dù dúró bí a bá ṣí i, wà lára ohun tí rìgì tó tẹ̀ lé ìlànà EN 16228 ti ilẹ̀ Yúróòpù sábà máa ń bá wá. Òun náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra àlòkù irin, nítorí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Ti rìmóòtù tún wà. Rìgì tí kò bá gbọ́ ohùn rìmóòtù mọ́ gbọ́dọ̀ dúró. Àwọn rìmóòtù olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé àṣẹ tí rìgì gbọ́ kẹ́yìn ni yóò máa tẹ̀ lé lọ bí bátìrì ọwọ́ awarìgì bá kú. Ẹ jẹ́ kí rọ́ọ̀dù máa yí lófìfo, kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí i, kí ẹ wá yọ bátìrì rìmóòtù. Bí kò bá dúró, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Pásíwọ́ọ̀dù páńẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ 1234, tí wọ́n tún fi máákà kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀, n kò ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí i.

Ní àdúgbò bí Ìtókù, níbi tí ilé ti fún mọ́ra, kọ̀ǹpútà á ti máásì sókè bí ẹni pé ojú ọ̀run ṣófo, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú rìgì tòkunbọ̀ tó ń wọ ìlú kò ní ohun tó ń rí wáyà NEPA. Iná 11,000 fóòtì kò sì dúró dìgbà tí irin bá fara kàn án tán kó tó fò mọ́ ọn. Ojú ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn kí rìgì tó wọ ọgbà onílé.

Ní àárọ̀, kí ọmọ iṣẹ́ kan tẹ bọ́tìnì pupa kọ̀ọ̀kan, kí ó ṣí ẹnu ọ̀nà ọgbà irin nígbà tí rọ́ọ̀dù ń yí lófìfo, kí ó yọ bátìrì rìmóòtù, kí ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti dá ẹ̀rọ dúró, ẹ má gbé rọ́ọ̀dù kankan lọ́jọ́ náà. Ẹ pe ẹni tó so wáyà rìgì yín, kí ó mú àwòrán wáyà náà dání wá. Bí kò bá ní àwòrán, kí ó jókòó yà á ná kí ó tó fọwọ́ kan páńẹ́ẹ̀lì.