Mọ́tò tó ń pariwo: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò Ìkòròdú

Ẹni tó bá ń wa Camry Big Daddy tàbí Accord ọdún 2004 gba Ìgbógbó lọ sí Báyékù lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, á gbọ́ ìró tí kò mọ ibi tó ti ń wá. Ọ̀nà wa burú, ọkọ̀ náà sì ti dàgbà. Ohun tó ń dunni ni pé onítọ̀hún á kó owó lọ sí Owódé Onírin, á ra ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin, wọ́n á dè é tán, ìró náà ò sì ní kúrò.

Àkọ́kọ́, ẹ má ra nǹkan kan kí ẹ tó mọ ìgbà tí ìró náà ń wáyé. Irin máa ń gbé ìró rìn: ohun tó ń dún lẹ́sẹ̀ òsì lè dà bíi pé abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà. "Nígbà wo?" ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín, kì í ṣe "níbo?" Ṣé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréékì ni? Ṣé tí ẹ bá yí sítíárìn? Ṣé inú kòtò nìkan? Ṣé ẹ́ńjìnnì ló ń bá yára ni, àbí táyà? Ti ìkẹyìn yìí rọrùn láti mọ̀. Lọ́nà Ìtòkin láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí títì bá ṣófo, ẹ sáré dé 60, kí ẹ gbé gíà sí N, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Tí ìró bá rọlẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe rọlẹ̀, ẹ́ńjìnnì tàbí ohun tó so mọ́ ọn ni. Tí kò bá yí padà, ẹ wá a lọ síbi táyà àti béárìn. Ẹ má pa kọ́kọ́rọ́ o! Sítíárìn lè há, bíréékì náà á sì le.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn pàápàá, ẹ kó jáàkì, sípánà àti sípíà táyà kúrò nínú búùtù, torí àwọn fúnra wọn lè jẹ́ ohun tó ń dún.

Ìkejì, ẹ yé fi ọṣẹ tàbí ọ́ìlì pa fáànù bẹ́líìtì tó ń ké láàárọ̀. Ọ́ìlì máa ń wú rọ́bà, bẹ́líìtì á sì túbọ̀ máa yọ̀. Omi lásán ni kí ẹ wọ́n sí ojú rẹ̀ tó ní ìlà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ọwọ́ àti aṣọ yín jìnnà sí i. Tí ariwo bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tó sì padà wá, pulley kan (kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí lé lórí) ló wọ́. Tí ó bá túbọ̀ pọ̀ sí i, bẹ́líìtì ò le tó, tensioner, ohun tó ń fa bẹ́líìtì le, ni kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń kùn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ fi ọwọ́ yí pulley kọ̀ọ̀kan. Èyí tí béárìn rẹ̀ ti kú á máa họ bí iyanrìn lábẹ́ ọwọ́.

Ìkẹta ni ẹsẹ̀ mọ́tò, ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọkọ̀ dún "kọ̀-kọ̀" nínú kòtò, wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì ni. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú máa ń jo ọ́ìlì sí ara, tàbí kí imú ọkọ̀ máa fò sókè-sódò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ẹ sì fi í sílẹ̀. Tí kò bá sí méjèèjì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ ná. Linkage stabilizer (irin kékeré tó so ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́ stabilizer, irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì) ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, òun ló sì wà lára àwọn tí owó rẹ̀ kéré jù lábẹ́ ọkọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ tú linkage méjèèjì, tòsì tọ̀tún, ẹ fi wáyà so wọ́n kúrò lọ́nà táyà, kí ẹ rọra wa ọkọ̀ ní bíi 20 gba inú kòtò kan náà. Ẹ má gbé e lọ sórí títì ńlá bẹ́ẹ̀, torí ó máa fì. Tí ìró bá lọ, linkage tàbí rọ́bà stabilizer ni. Tí kò bá lọ, ẹ jáàkì ẹsẹ̀ kan sókè, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Tó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ bíréékì bí ẹ ṣe ń mì ín: tí ó bá dúró, béárìn ni, tí ó bá ṣì ń mì, ball joint, oríkèé tó di ẹsẹ̀ táyà mú, ni. Ẹ di í mú lápá òsì àti ọ̀tún: tie rod, irin tí sítíárìn fi ń yí táyà, ni ìyẹn ń tọ́ka sí. Ball joint ò gba "tó bá di oṣù tó ń bọ̀" o, torí tó bá já lórí ìrìn, táyà á wó sábẹ́ ọkọ̀.

Ìgbà tí wọ́n bá wá rí àléébù náà tán, wọ́n á tún bà á jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dè é. Bushing ni oríkèé onírọ́bà tó wà níbi tí irin ẹsẹ̀ ti so mọ́ ara ọkọ̀. Rọ́bà inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin inú àti irin òde. Ṣe ló ń lọ́ láàárín méjèèjì, kì í yọ̀. Tí mẹkáníìkì bá fún nọ́ọ̀tì lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó di táyà mú) pa nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń fì lórí jáàkì, bí ọkọ̀ bá ṣe balẹ̀ báyìí, rọ́bà ti lọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa wà. Kò ní pẹ́ ya, wọ́n á wá ní ayédèrú ni ẹ rà. Kí wọ́n fún un díẹ̀, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, kí wọ́n mì ín, kí wọ́n tó fún un pa. Ẹ dúró tì wọ́n kí ẹ rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe alignment, kí táyà lè tọ́.

Ẹ má sì ra linkage, ball joint tàbí bushing tòkunbọ̀. Rọ́bà ń gbó, ì báà jẹ́ orí pẹpẹ ló wà.

Ariwo "wùùù" tó ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, ẹ má tíì pè é ní béárìn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà; tó bá rí págunpàgun, ẹ gbé táyà iwájú sẹ́yìn. Tí ariwo bá bá a lọ, táyà ni. Tí kò bá bá a lọ, ẹ rọra yí sítíárìn sósì lórí ìrìn: ìwúwo ọkọ̀ á lọ sọ́tùn-ún, tí ariwo bá le sí i, béárìn ọ̀tún ni kí ẹ fura sí.

"Kẹ́-kẹ́-kẹ́" nígbà tí ẹ bá kọ́nà tán pátápátá tí ẹ sì tẹ tòròtù, orí ṣáàfù ni. Rọ́bà rẹ̀ ló ya, gíríìsì jáde, iyanrìn àti omi wọlé. Tí ẹ bá rí rọ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya kí ìró tó bẹ̀rẹ̀, rọ́bà àti gíríìsì nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Tó bá ti ń dún, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ ka eyín ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ní òrùka ABS (òrùka eléyín tí bíréékì ABS fi ń mọ bí táyà ṣe ń yára).

Bíréékì tó ń han tí ẹ ò tẹ̀ ẹ́, tó sì dákẹ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́: ẹ wo pad, ohun tó ń fún díìsìkì mú. Kó tó ku mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù gbé e, torí búlọ́ọ̀kù máa ń fọ́ lójijì. Jack stand, ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ lé, ni kí ẹ lò, pẹ̀lú pákó tó fẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti jẹ́ iyanrìn.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló kù. Ẹ má fi ọ́ìlì 20W-50 tó ki bo ariwo mọ́lẹ̀ nínú 2AZ-FE, ẹ́ńjìnnì Camry oníhò mẹ́rin (four-cylinder), tí ìwé rẹ̀ ní 5W-30 tó fẹ́lẹ́ ni kó mu. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà dé ibi VVT-i (ohun tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà) tín-ínrín. Ẹ kọ́kọ́ fa géèjì ọ́ìlì yọ, kí ẹ wo bó ṣe kù sí. Ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀ nìkan tó láti mú kó máa dún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Camry 2007 sí 2009 oníhò mẹ́rin, ẹ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ti mọ ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́ jíjẹ ọ́ìlì. "Tẹ́-tẹ́-tẹ́" tó dákẹ́ bí ọkọ̀ ṣe gbóná lè jẹ́ èéfín tó ń jò níbi manifold, irin tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo bóyá èéfín ti fi àmì dúdú sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìró bá wúwo bí òòlù láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tó ń le bí ẹ ṣe ń tẹ tòròtù, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ibi yòówù kí ẹ wà. Kí wọ́n fà á lọ sílé. Máìlì díẹ̀ sí i lè mú kí irin inú rẹ̀ dá ihò sí ara ẹ́ńjìnnì.