Bí A Ṣe Ń Yẹ Òkè Oníyìnyín Wò ní Colorado Kí A Tó Gùn Ún

Kí ẹ tó gbéra lọ sí orí òkè Colorado ní ìgbà òtútù, ẹ kọ́kọ́ ka ìkìlọ̀ tí Colorado Avalanche Information Center, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń ṣọ́ yíya yìnyín, ń gbé jáde lójoojúmọ́, èyí tó ń fi ìpele 1 sí 5 (5 ló léwu jù) sọ bí ewu kí yìnyín ya lulẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ má fojú kékeré wo ìpele 3, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti kú níbẹ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó dà ní nǹkan bí dígíríì 30 sí 45 ló léwu jù. Ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ yìnyín náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan tí kò léwu, tó kọjú sí ibi kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹ fẹ́ gùn: bí ti ìsàlẹ̀ bá rí hóró hóró bíi ṣúgà, tí kò lẹ̀ mọ́ra, tí èyí tó le sì jókòó lé e, ńṣe ló dà bí pátákó tí a gbé lé orí gààrí gbígbẹ. Bí ẹ bá gbọ́ ìró “wùùm” lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ padà. Kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ènìyàn wà lábẹ́ yìnyín hàn, ọ̀pá gígùn tí a fi ń wá ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti ṣọ́bìrì tirẹ̀. Ẹ máa sọdá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yòókù máa wò, nítorí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ìrètí ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ ń dínkù gidigidi. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí ẹ̀rọ náà, torí ó máa ń dí i lọ́wọ́.