Ọ̀sẹ̀ 15 Lórí Tábìlì Àwọn Agbẹjọ́rò: Bí Mo Ṣe Ta Ẹ̀rọ Fún Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́

Mo díje fún iṣẹ́ ìjọba kan ní ọdún 2023, mo borí àwọn tí a jọ díje, mo kó ẹrù pé, wọ́n sì san gbogbo owó tó wà nínú ìwé àdéhùn fún mi; síbẹ̀ 1,420,000 náírà ni mo pàdánù lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò béèrè rìbá lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹni tó jí mi lówó. Ibi tí owó náà gbà jò ni ọ̀sẹ̀ 15 tó wà láàárín ọjọ́ tí mo gba lẹ́tà iṣẹ́ àti ọjọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ 15 yẹn ni yóò pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń kọ yìí. Iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá ló ra ẹrù lọ́wọ́ mi, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀.

Sikánà 14 ni wọ́n fẹ́ rà, pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà tí wọn yóò fi tọ́jú ohun tí wọ́n bá yà sí i, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní DPP (Director of Public Prosecutions), tó ń bójú tó ẹjọ́ ọ̀daràn fún ìjọba, ni ẹrù náà wà fún. Bí ọlọ́pàá bá parí ìwádìí lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ yóò lọ sí DPP kí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba lè kọ ìmọ̀ràn bóyá ẹjọ́ wà fún ẹni tí wọ́n mú láti jẹ́ tàbí kò sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ẹni náà yóò ti máa retí ìmọ̀ràn yẹn. Bí fáìlì bá sọnù lójú ọ̀nà, ẹ mọ ẹni tó ń jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi wù mí ju títa kọ̀ǹpútà fún ọ́fíìsì àwọn olóṣèlú lọ.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa àwọn ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá ti bá ìjọba dòwò pọ̀ rí mọ ti CAC (ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́), owó orí ọdún mẹ́ta, PenCom (owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́), ITF (owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́) àti NSITF (ìdójútòfò fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa). Kí ẹ sáà rántí pé ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni agbára mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn ń dópin, ì báà jẹ́ oṣù Kẹwàá ni ẹ gbà wọ́n.

Ohun tó jẹ́ kí n borí ni pé mo lọ wo yàrá fáìlì wọn kí n tó kọ iye owó kankan sílẹ̀. Ìpolówó wọn fún gbogbo ẹni tó fẹ́ díje láyè láti wá wo ibi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo sì lọ. Mo mú tépù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ dání. Ìwé tí ọlọ́pàá fi gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú àwọn fáìlì tó ti pẹ́ jẹ́ foolscap, ó gùn tó íǹṣì 13, bẹ́ẹ̀ A4 kò pé 12. Àwọn kan fẹ́lẹ́ débi pé mo rí ọwọ́ mi láti ẹ̀yìn wọn. Pínnì tí wọ́n fi há wọn mọ́ra ti dípẹtà, ìpẹtà náà sì ti ràn mọ́ ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Sikánà tí kò lè gbà ju A4 lọ yóò gé ìsàlẹ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an sì ni ẹni tó sọ̀rọ̀ ti tẹ̀ka. Agbẹjọ́rò wo ni yóò gbé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtẹ̀ka síwájú adájọ́? Mo kọ èyí sínú ìwé mi ní ìpínrọ̀ kan péré, mo sì so àwòrán tépù náà mọ́ ọn. Nínú àwa márùn-ún tí wọ́n ṣí ìwé wa ní gbangba ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, ẹni méjì ni owó wọn kéré sí tèmi, àmọ́ sikánà A4 ni wọ́n kọ. Wọ́n jábọ́ níbẹ̀. Inú mi dùn sí i dòní.

Lẹ́tà iṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ. Ó sọ pé iṣẹ́ náà di tèmi bí a bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. N kò fiyè sí gbólóhùn yẹn. Mo ti ń pe ẹni tí mo ń ra ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọ̀tígbà, Ìkẹjà, láti sọ fún un pé kó máa múra.

Ní ìpínlẹ̀ náà, iléeṣẹ́ ìjọba kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ àfi bí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ti ètò ìlera bá ń ra bẹ́ẹ̀dì tàbí ti ètò ẹ̀kọ́ bá ń ra àga, àwọn agbẹjọ́rò yìí kan náà ni yóò ka ìwé rẹ̀. Mo rò pé oríire ńlá ni tèmi, nítorí pé ẹni tó ń rà á náà ni ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọjà rírà ní ìsàlẹ̀ dé ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ ìwé wò lókè, àtẹ̀gùn 22 ni. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé mo gùn ún títí mo fi ń kà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá kí fáìlì mi tó padà sọ̀kalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́tà iṣẹ́ pe ẹrù náà ní “document scanner”, àfikún tó wà lẹ́yìn ìwé àdéhùn sì pè é ní “scanning machine”. Agbẹjọ́rò tó kà á fi gègé pupa béèrè bóyá ohun kan náà ni àwọn méjèèjì. Ìbéèrè tó bójú mu ni, mo gbà, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti tún un tẹ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì kì í gun àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀. Mẹ́sẹ́ńjà tó ń gbé e ti gba ìsinmi, ẹlòmíràn kò sì lè gbé e láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mẹ́sẹ́ńjà náà. Nígbà tó dé òkè nígbẹ̀yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rí i lójú kan náà lórí tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n gbé ìgò omi lé e kí fáànù má bàa ṣí ojú ewé rẹ̀, àmì roboto ìdí ìgò náà sì ti wà lára páálí rẹ̀.

“Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ẹ má bínú, ọ̀gá wa wà ní kóòtù,” ni akọ̀wé tó wà níbẹ̀ máa ń sọ fún mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ìgbà wo ni wọ́n máa dé?”

“Ẹjọ́ ni wọ́n ń ṣe, sà. Ta ló mọ ìgbà tí adájọ́ máa dìde?”

Òótọ́ ló sọ. Agbẹjọ́rò mélòó kan péré ló wà fún gbogbo ẹjọ́ ìjọba, ìwé àdéhùn mi kò sì lè ṣe pàtàkì ju ẹni tó wà nínú àhámọ́ lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí mi síbẹ̀, torí pé ní gbogbo ìgbà yìí náírà ń ṣubú. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 750 náírà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì nígbà tí mo kọ iye owó mi ní oṣù Kẹrin ti kọjá 1,100 ní oṣù Kọkànlá. Láàárín méjì, ní oṣù Kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa fúnra rẹ̀ sọ iye tí náírà jẹ́. Sikánà tí mo lè rà ní 690,000, tí mo sì fi 840,000 sí nínú ìwé mi, ti di 1,020,000.

Ìdádúró kẹta ló pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa, akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ náà (Permanent Secretary) ni Solicitor-General ìpínlẹ̀, ìyẹn ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ipò akọ̀wé àgbà, òun ni yóò fọwọ́ sí ìwé lórúkọ ẹni tó ń rajà. Ní ipò Solicitor-General, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn tó ń yẹ ìwé wò ti ń ṣiṣẹ́. Agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan wá béèrè nínú fáìlì bóyá ó tọ́ kí ẹnì kan jẹ́ ẹni tó ń rajà, kó tún jẹ́ ẹni tó jẹ́rìí pé ìwé ọjà náà pé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn lórí èyí, ojú ewé mẹ́sàn-án, ní èdè òfin tó dùn ún kà. Ibi tí wọ́n já sí ni pé kí olùdarí kan jẹ́rìí sí i, kí akọ̀wé àgbà sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí olùrà. Èmi tí n kò ka òfin ti sọ bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé tó máa ń pè mí ní “Ọ̀gá kọ̀ǹpútà” láti ọjọ́ kìíní.

Mo gbọ́dọ̀ sọ tèmi náà. Iye owó mi kò gbọdọ̀ yí padà fún 120 ọjọ́, ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ni ó sì pé. Nígbà tí oṣù Kẹwàá bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ̀wé pé kí n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé owó náà ṣì dúró bó ṣe wà. Mo fèsì ní ìlà méjì pé ó dúró. N kò tíì kọ ìlà méjì tó gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Òfin rírà ọjà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 gba ẹni tó díje láyè láti má gbà sí irú ìbéèrè yẹn, kó sì gba ìwé tí báńkì fi ṣe onídùúró fún un padà láìpàdánù kọ́bọ̀; òfin ìpínlẹ̀ náà sọ ohun kan náà. N kò kà á. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ǹ bá ti kọ̀, tàbí kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n tún ìpolówó ṣe kí gbogbo wa tún iye wa kọ. Bí n kò bá sì fẹ́ kọ̀, ó yẹ kí n ti yáwó ní oṣù Kẹjọ láti fi ra ẹrù náà sílẹ̀, kí n má máa retí owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọn kò lè san kí a tó fọwọ́ sí ìwé.

A fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá. Mo pàdánù 180,000 náírà lórí sikánà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 2,520,000. Èrè 1,100,000 tó wà nínú ètò kọ̀ǹpútà àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló dín in kù sí iye tí mo kọ lókè. Kíkó ẹrù lọ àti ìsanwó rọrùn, àfi pé ẹ rí i dájú pé ẹ gba ìwé ẹ̀rí owó orí tí wọ́n bá yọ lára owó yín, torí pé tèmi gba oṣù méjì kó tó jáde. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà, ìyá kan tó ti ń tọ́jú yàrá fáìlì yẹn láti ìgbà tí n kò tíì ṣègbéyàwó ki foolscap kan bọ inú rẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ìtẹ̀ka rẹ̀ nìyí o.” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.

Wọ́n tún polówó sikánà fún àwọn ọ́fíìsì wọn tó wà lẹ́yìn olú ìlú ìpínlẹ̀. Mo díje, mo sì fi ìlà kan kún un pé iye owó mi dúró lórí iye tí dọ́là jẹ́ lọ́jọ́ tí a bá fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n ní ìwé tó ní “bí” nínú kò bá ìlànà mu, wọ́n dá tèmi nù, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ní oṣù tó kọjá, ẹni náà pè mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, sikánà wo ló ń gba foolscap?” Mo sọ fún un. Mo wá bi í bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀. Ó ní ó wà lókè, lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.