Oṣù Àkọ́kọ́ ní Ìlú Òyìnbó: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Gbéra láti Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ

Ọ̀nà ìlú òyìnbó kì í ṣe ọ̀nà tuntun fún àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọdún 1944 ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, kọrí sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà sì ni Síkírù Adétọ̀nà ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ipò Awùjalẹ̀ kàn án. Ohun tó sábà máa ń yọ àwọn tó ń lọ lónìí lẹ́nu yàtọ̀ sí òtútù tí gbogbo ènìyàn fi ń dẹ́rù bà wọ́n. Nílé, bí ọ̀ràn kan bá dí, ènìyàn ni a fi ń tú u: a ó wá ẹni tó mọ ọ̀gá ibẹ̀, a ó lọ kí wọn nílé, a ó sì bẹ̀bẹ̀. Níbẹ̀, ìwé àti ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìwé ló ń darí ohun gbogbo, bí ọjọ́ náà bá sì ti kọjá, agbára káká ni ẹ̀bẹ̀ yóò fi ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ìwé ni mo fi ṣáájú nínú ìtọ́sọ́nà yìí, èyí tí mo kọ ní pàtàkì fún ẹni tó ń lọ fi físà akẹ́kọ̀ọ́ gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ náà yóò rí tirẹ̀ mú nínú rẹ̀.

Ìwé ṣáájú ẹrù

Káàdì físà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa máa ń gbà tí wọ́n bá débẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí ọdún 2024. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìjọba ilẹ̀ náà ń tọ́jú físà sí báyìí, wọ́n sì ń pè é ní eVisa. Ẹ ṣí àkáǹtì rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ so ó mọ́ pásípọ́ọ̀tù yín, kí ẹ sì fara balẹ̀ yẹ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tí físà yóò parí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú àkáǹtì yìí ni ẹ ó ti máa mú kóòdù tí ẹ ó fi han ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ tàbí onílé tó fẹ́ gbà yín sílé, pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ tàbí láti gbé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ gba àkíyèsí gidi. Púpọ̀ nínú wa ni ìwé ẹ̀rí wa ń pè ní Olúwaṣẹ́gun, tí pásípọ́ọ̀tù ń pè ní Ṣẹ́gun, tí báǹkì sì fi orúkọ bàbá ṣáájú. Nílé, a ó fi ẹ̀rín yanjú rẹ̀. Lọ́hùn-ún, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí ènìyàn mẹ́ta. Bí ẹ bá ṣì wà nílé, ẹ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù, kí ẹ sì tún orúkọ ṣe níbi tó bá ti yẹ. Ohun tí yóò gbà yín ní ọ̀sẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lè gbà yín ní oṣù mélòó kan bí ẹ bá ti wọ bàálù tán.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní GP. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ara yín kò bá yá. Ẹ ti san owó ìtọ́jú náà mọ́ owó físà: £776 ni fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún kan, ó sì jẹ́ £1,035 fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, ní Ẹ́ńgílándì, wọ́n ṣì ń san £9.90 lórí oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà bá kọ, eyín àti ojú sì ní owó tiwọn lọ́tọ̀. Nọ́ḿbà 999 wà fún ohun tó jẹ́ ọ̀ràn ikú àti ìyè, 111 sì wà fún àìsàn tí kò lè dúró dọjọ́ kejì àmọ́ tí kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Àṣà kí á wọ ilé kẹ́mísì kan ní Ṣágámù kí á ní kí wọ́n po oògùn ibà pọ̀ mọ́ tinú-rírun kò sí níbẹ̀, nítorí wọn kò ní ta oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn fún yín láìjẹ́ pé dókítà tàbí ẹlòmíràn tí òfin fún láṣẹ fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá sì ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà láìtijú.

Inú ẹrù

Ẹran, pọ̀nmọ́, wàrà àti ohunkóhun tí wọ́n fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ bá yín wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Nàìjíríà, ì báà jẹ́ pé Màmá ti yan án gbẹ tàbí wọ́n ti dín in. Isu tútù àti ẹ̀fọ́ tútù pẹ̀lú nílò ìwé ẹ̀rí tí ẹ kò ní rí gbà kíá. Gàrí àti ẹ̀lùbọ́ kì í sábà mú wàhálà wá. Gàrí Ìjẹ̀bú ni kí ẹ fún láyè jù nínú ẹrù, nítorí èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní sítọ́ọ̀ lọ́hùn-ún kì í sábà kan bí tiwa. Aṣọ òtútù kò yẹ kó gba àyè rárá. Ẹ mú ẹyọ kan tí ẹ ó wọ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù, kí ẹ ra ìyókù níbẹ̀.

Ilé tí ẹ ó gbé

Ẹ má ṣe san owó ilé fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó rí ilé náà tàbí kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán tó bá yín wò ó. Bí onílé bá ń kánjú gba owó ilé tí kò fẹ́ kí ẹ rí inú rẹ̀, ẹ yàgò fún un. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ilé tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń fi háyà sàn jù, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Bí ẹ bá gba ilé lọ́wọ́ onílé aládàáni, yóò gba owó ìdógò sọ́wọ́ kí ẹ tó wọlé. Ní Ẹ́ńgílándì, owó yìí kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún ilé tí owó rẹ̀ lọ́dún kò tó £50,000, onílé sì gbọ́dọ̀ fi í sábẹ́ ètò ààbò tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kó sì fún yín ní ìwé rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ gan-an ni ìjà ọjọ́ tí ẹ ó kó jáde ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ yọ fóònù jáde: ẹ ya àwòrán ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, igun àjà tó ti ń dúdú, ojú rọ́ọ̀gì tí ayọ́ọ̀nù ti jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìlẹ̀kùn sítóòfù tí kò pa dé dáadáa àti nọ́ḿbà tó wà lójú mítà iná. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí onílé nípasẹ̀ ímeèlì lọ́jọ́ náà, kí ọjọ́ lè wà lórí rẹ̀. Ohun tí ẹ bá sọ lẹ́nu kì í ṣe ẹ̀rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní kíkún kì í san owó orí ilé tí wọ́n ń pè ní council tax, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ìwé rẹ̀ kó sì fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Bí ẹ bá mú àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ sọ́dọ̀, ìwé owó náà yóò wọlé, nítorí náà ẹ jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó kó ẹrù wá.

Ó ku ilé ìdáná tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò. Ẹ ti rin ewùrà tán láàárọ̀ Sátidé, epo pupa ti gbóná nínú ìkòkò, ata ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Kí ẹ tó ju ẹja sí i, ẹ̀rọ kékeré tó wà lára àjà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gbóòórùn èéfín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í han, gbogbo ará ilé sì sáré bọ́ sínú òtútù pẹ̀lú aṣọ oorun. Ìkòkọrẹ́ ṣeé sè níbẹ̀ láìsí èyí. Ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ pa dé, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ tan fáànù tó wà lókè sítóòfù kí epo tó gbóná, kí ẹ má sì jẹ́ kí epo náà rú èéfín. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá di ojú ẹ̀rọ náà láéláé, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó lágbára ni. Ní ti ewùrà, ẹ ó rí i rà ní ọjà àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú ńlá, irú bíi Peckham ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Iṣẹ́ àti owó

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè yunifásítì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì ń ka ọ̀sẹ̀ náà. Bí ẹ bá níṣẹ́ méjì, àpapọ̀ méjèèjì ni. Ẹ kò lè fi wákàtí tí ẹ kò ṣe lọ́sẹ̀ yìí dí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ibi tí àwọn tiwa ti máa ń ṣubú ni òwò. Òwò ti wọ̀ wá lára, kò sì rọrùn fún ẹni tí ìyá rẹ̀ fi ọjà títà tọ́ dàgbà ní Òkè-Ajé tàbí ní ọjà Fálàwò láti rí ènìyàn tó fẹ́ ra nǹkan kó má tà á. Àmọ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gba kí ẹ dá ṣòwò: irun dídì tí ẹ ń gba owó rẹ̀, oúnjẹ tí ẹ ń sè tà fún àwọn ará ilé ìjọsìn, aṣọ rírán, títí kan fífi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri lábẹ́ ilé iṣẹ́ orí fóònù, gbogbo rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n kà sí dídá iṣẹ́ ṣe fúnra ẹni. Iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ ń san owó oṣù rẹ̀ ni kí ẹ wá.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 títí di oṣù kẹta ọdún 2026, owó wákàtí kan fún ẹni tó ti pé ọdún 21 kò gbọdọ̀ kéré sí £12.21. Ẹ wo iye tó jẹ́ lónìí, kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tí kì í ṣírò pọ́n-ùn sí náírà, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń so ọwọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe é títí yóò máa febi pa ara rẹ̀. Tí owó iṣẹ́ bá ti ń wọlé, wákàtí ni kí ẹ máa fi díwọ̀n nǹkan: bàtà òtútù tí wọ́n ń ta ní £49 jẹ́ iṣẹ́ nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé owó oṣù. Ẹni tí owó tó gbà lọ́dún kò bá ju £12,570 lọ kì í san owó orí lórí rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti yọ ọ́ ṣáájú, ó lè béèrè pé kí wọ́n dá a padà.

Bí owó ilé ìwé bá fẹ́ pẹ́, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ọjọ́ tó pé. Ilé ìwé tó gbọ́ ṣáájú lè pín owó náà sí wẹ́wẹ́, àmọ́ èyí tí kò gbọ́ nǹkan kan lè yọ orúkọ yín, kó sì fi tó ìjọba létí, físà yóò sì tẹ̀ lé e.

Ilé pẹ̀lú kò ní dákẹ́. Owó ẹgbẹ́ yóò dé, aṣọ regberégbe (ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà) yóò dé, ẹni tó ta ilẹ̀ láti fi ràn yín lọ́wọ́ yóò sì máa retí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yan iye kan lóṣù, kí ẹ sì máa gba ọwọ́ àgbà kan ṣoṣo fi ránṣẹ́, kí òun máa pín in. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, owó oṣù ò tíì wọlé. Tó bá ti di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, màá fi nǹkan ránṣẹ́ sí Mọ́mì.” Ọ̀rọ̀ tó lọ́jọ́ nínú kì í bí wọn nínú bíi ká máà gbé fóònù.

Òtútù, òkùnkùn àti ènìyàn

Òtútù rọrùn: aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí ẹ wọ̀ léra sàn ju ńlá kan lọ. Òkùnkùn ló le. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù kì í yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ, ó sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àwọn elétò ìlera ibẹ̀ ní kí gbogbo ènìyàn ronú àtimáa lo máíkírógíráàmù 10 fítámì D lójoojúmọ́ láti oṣù kẹwàá dé oṣù kẹta, kí aláwọ̀ dúdú sì máa lò ó jálẹ̀ ọdún. Kò wọ́n. Ẹ máa jáde lọ́sàn-án, kódà bó ṣe ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má sì sá aṣọ sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ pa dé, ògiri yóò bu.

Tí ẹ bá fẹ́ sọdá títì, apá ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Apá òsì ni ọkọ̀ wọn ń gbà, bí tiwa náà ti rí títí di ọdún 1972.

Olùkọ́ kò retí ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀, ó sì lè ní kí ẹ máa pe òun lórúkọ. Ẹ pè é ní Dókítà tàbí Ọ̀jọ̀gbọ́n títí yóò fi sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, nítorí ojú tí a rẹ̀ sílẹ̀ láti fi bọ̀wọ̀ fún àgbà nílé lè jọ ti ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́ lójú rẹ̀. Bí aládùúgbò kò bá kí yín, ẹ má kà á sí ìkórìíra. Ẹ kí i.

Bí ẹ bá ń múra àtiwá sílé fún Ojúde Ọba, ẹ rántí pé ọjọ́ kẹta Iléyá ló máa ń bọ́ sí, ó sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní ọdún 2025, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ni, ìgbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń ṣe ìdánwò. Ẹ wo ìwé ètò ìdánwò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gba àyè lọ́wọ́ ilé ìwé, bí ẹ bá sì gba pásípọ́ọ̀tù tuntun nígbà tí ẹ wà nílé, ẹ fi nọ́ḿbà rẹ̀ sí àkáǹtì eVisa kí ẹ tó padà lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà.