Bí a ṣe ń fi láptọ́ọ̀pù kọ́ǹpáìlì sọ́fítíwia fún Raspberry Pi

Ẹni tó bá ní Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) oní-mẹ́mọ́rì 1GB ní Ikorodu, tó sì ní kí Pi fúnra rẹ̀ kọ́ǹpáìlì sọ́fítíwia ńlá, ìyẹn kó sọ kóòdù di fáìlì tí ẹ̀rọ lè lò, lè jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí wọn ò bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, mẹ́mọ́rì lè kún, kí kọ́ǹpáìlà sì kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: Killed. Ẹ jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù ṣe iṣẹ́ yẹn, kí Pi kàn gba fáìlì tó ti parí.

Orí Pi gan-an lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ àṣẹ méjì yìí, kí ẹ kọ èsì wọn sílẹ̀:

dpkg --print-architecture
ldd --version

Àkọ́kọ́ á sọ bóyá arm64 (64-bit) ni tàbí armhf (32-bit). Ẹ má fi uname -m rọ́pò rẹ̀ o. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux, lè jẹ́ 64-bit, kí uname dáhùn pé aarch64, kó sì jẹ́ pé 32-bit ni gbogbo sọ́fítíwia tó kù lórí káàdì. Èkejì á sọ nọ́ńbà glibc, ìyẹn láíbúrárì tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia Linux gbára lé, ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù.

Fáìlì tí a fi glibc àtijọ́ kọ́ǹpáìlì máa ń ṣiṣẹ́ lórí tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí a fi tuntun ṣe lè má ṣiṣẹ́ lórí àtijọ́. Nínú oríṣi Linux méjì, Ubuntu 24.04 ń lo glibc 2.39, Debian 12 ń lo 2.36. Bí Debian 12 bá wà lábẹ́ Raspberry Pi OS yín, tí ẹ sì kọ́ǹpáìlì lórí Ubuntu yẹn, Pi lè dáhùn pé GLIBC_2.38 not found. Kóòdù yín ò bàjẹ́, nọ́ńbà ni kò bára mu. Ọ̀nà tó dá wa lójú jù ni kí ẹ ṣí Debian 12 nínú Docker (sọ́fítíwia tó ń jẹ́ kí ẹ lo Linux mìíràn nínú àpótí tirẹ̀) lórí láptọ́ọ̀pù, nínú fódà tí kóòdù wà:

docker run -it -v "$PWD":/ise -w /ise debian:12 bash
dpkg --add-architecture arm64
apt update
apt install build-essential crossbuild-essential-arm64 file libssl-dev:arm64

Àpẹẹrẹ ni libssl-dev. Láíbúrárì yòówù tí sọ́fítíwia yín bá ń bèèrè, ti arm64 ni kí ẹ gbé, torí ti láptọ́ọ̀pù ò wúlò fún Pi. Bí Pi yín bá jẹ́ armhf, ẹ fi armhf sípò arm64, kí ẹ sì fi arm-linux-gnueabihf sípò aarch64-linux-gnu nísàlẹ̀ yìí. Pi Zero àkọ́kọ́ àti Pi 1 nìkan ni èyí ò bá mu: ARMv6 ni prósẹ́sọ̀ wọn, ARMv7 sì ni kọ́ǹpáìlà Debian ń ṣe fún, Illegal instruction ni wọ́n máa dáhùn. Nínú Debian yẹn kan náà, ẹ wá kọ́ǹpáìlì báyìí:

./configure --host=aarch64-linux-gnu
make -j$(nproc)

Ẹ fi àṣẹ file yẹ èyí tó jáde wò. Fún arm64, ARM aarch64 ló yẹ kó kọ. Bó bá kọ x86-64, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé --host, Pi á sì sọ pé Exec format error.

Ẹ fi scp, àṣẹ tó ń gbé fáìlì láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, gbé e lọ sórí Pi. Hotspot fóònù tó fún un, kì í sì í jẹ dátà, torí àárín ẹ̀rọ méjèèjì ni fáìlì ń gbà. Lórí Pi, ẹ tẹ ldd àti orúkọ fáìlì náà: láíbúrárì tó bá kọ not found sí níwájú, ẹ fi apt gbé e síbẹ̀, libssl3 ni lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe oní-dev.