Bí tátà jẹ́lé-ó-sinmi ṣe lè tètè mọ̀ pé ọkàn ọmọ kò balẹ̀

Ọmọ ọdún 3 kì í sọ pé ìbànújẹ́ ń bá òun. Inú ló máa ní ó ń run òun, tàbí kó gé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, tàbí kó kàn dákẹ́ síbì kan. Ọdún 2 ni ọmọ ń lò ní jẹ́lé-ó-sinmi kó tó bọ́ sí CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwa olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní tátà ló sì ń rí i láti àárọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọmọ náà ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá. Ta ló ń bá ṣeré? Báwo ló ṣe ń jẹun? Bí ìyá rẹ̀ bá ti yí ẹ̀yìn padà, ìgbà wo ni ẹkún rẹ̀ ń dá? Ẹkún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn. Ohun tí à ń wá ni ìyípadà: ọmọ tó ti ń ṣe báyìí tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe é mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra kàyé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe, àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ohun tí ojú rí ni kí ẹ kọ. "Oníjà ni" kì í ṣe ohun tí ojú rí. "Wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi igi lu ọmọ 2" ni kí ẹ kọ.

Mo ní ọmọbìnrin kan tó ti jáwọ́ nínú ìtọ̀ sára tipẹ́, tó tún wá bẹ̀rẹ̀. Mo bá a wí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Kàyé ló fi hàn mí pé ọjọ́ kejì ọjà nìkan ló ń tọ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń sùn sí ọjà tó ń ná, ilé tí ọmọ ń sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà sì ń bà á lẹ́rù. Ìyá yí ibi tó ń fi í sí padà, ìtọ̀ náà sì dáwọ́ dúró.

Ohun tó yẹ kó gba àfiyèsí yín ni èyí tó bá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, tó ń ṣẹlẹ̀ nílé àti níléèwé, tó sì ń dí ọmọ lọ́wọ́ eré, oúnjẹ tàbí oorun. Ẹ wo ọmọ tó ń fi eré ṣe ohun ẹ̀rù kan náà lójoojúmọ́. Ẹ má gbàgbé ọmọ tó dákẹ́ jù. A máa ń yìn ín pé ọmọ gidi ni, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló lè máa jìyà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdákẹ́ gba sùúrù. Yorùbá nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ gbọ́ nílé. Bí Faransé bá dé bá wọn, wọ́n lè pa ẹnu mọ́ fún oṣù mélòó kan, kò sì sí àìsàn níbẹ̀. Ẹ fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nawọ́ sí nǹkan, ó ń bá ẹgbẹ́ ṣeré. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ fàlàlà nílé, tí kò la ẹnu rárá níléèwé, Yorùbá o, Faransé o, tó sì ti ju oṣù kan lọ lẹ́yìn tí ilé-ìwé ti mọ́ ọn lára, ẹ má fojú fo ìyẹn. Bí a bá pè é lórúkọ tí kò dáhùn, tí kì í wo ojú ènìyàn, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ná, kí dókítà sì wo bó ṣe ń dàgbà. Ebi, ibà àti aràn náà ń yí ìwà ọmọ padà.

Ẹ pe òbí sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu géètì níwájú àwọn ẹlòmíràn. Ohun tó dára ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ọmọ yín fẹ́ràn orin gan-an. Láti bí ọ̀sẹ̀ 2 wá, kì í jẹun mọ́ níbí. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé?" Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́. A kì í ṣe dókítà, ẹ má dárúkọ àìsàn. Bí òbí bá ní àbíkú tàbí ẹmẹ̀rẹ̀ ni, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ náà wọ kíláàsì. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lè fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba fún àìsàn ọpọlọ, tó wà ní Jacquot ní Kútọnu.

Àwọn kan wà tí kò gba ìdúró: ọmọ tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, tó ní òun fẹ́ kú, tó ní ojú ọgbẹ́ tí kò ní àlàyé, tàbí tí ẹ̀rù àgbàlagbà kan pàtó ń bà. Ẹ má da ìbéèrè bo ọmọ. Ẹ sọ fún olórí ilé-ìwé lọ́jọ́ náà, kí ẹ lọ sí GUPS, ọ́fíìsì ìjọba fún ìrànlọ́wọ́ àwùjọ tí a ń pè ní CPS tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ pe 138, nọ́ńbà tẹlifóònù fún ìrànlọ́wọ́ ọmọdé. Bí ẹ bá fura pé inú ilé ni ìpalára náà ti wá, ẹ má kọ́kọ́ lọ bi wọ́n nílé. Òfin ọdún 2015 lórí ẹ̀tọ́ ọmọ wà lẹ́yìn ọmọ náà.

Ní kíláàsì, ẹ jẹ́ kí ètò ọjọ́ wà bákan náà, kí ẹnì kan náà máa kí i káàbọ̀ láràárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 mìíràn, ẹ tún ṣí kàyé yẹn. Bí nǹkan kò bá yí padà, ẹ tún pe òbí, ẹ má dúró de ìparí sáà.