Bí Mo Ṣe Mú Prince of Persia Ṣiṣẹ́ Padà Lórí Kọ̀ǹpútà Mi

Prince of Persia, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1989, ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbá lórí kọ̀ǹpútà bàbá wa nígbà tí a wà ní kékeré. Ìṣẹ́jú 60 péré ni géèmù náà fún ènìyàn láti gba ọmọbìnrin ọba sílẹ̀, nítorí náà a kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wá jẹun.

Kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà mi tuntun, nítorí pé Windows 64-bit kì í gba ètò 16-bit tí a ṣe fún DOS, ìyẹn ètò àtijọ́ tí ó ń darí kọ̀ǹpútà ṣáájú Windows. Mo fi DOSBox, ètò ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà àtijọ́, sórí ẹ̀rọ náà. Mo kó àwọn fáìlì géèmù náà sínú fódà kan tí mo pè ní geemu, mo ṣí DOSBox, mo tẹ mount c c:\geemu, lẹ́yìn náà c:, lẹ́yìn náà prince. Ó ṣí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń já, nítorí pé iye cycles (bí DOSBox ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó) tí mo ti yàn tẹ́lẹ̀ ju agbára kọ̀ǹpútà mi lọ. Mo di Ctrl mú, mo sì ń tẹ F11 láti dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ohùn náà fi já gaara. Ctrl pẹ̀lú F12 ni yóò tún mú un yára.

Nígbà tí ọmọkùnrin aláṣọ funfun náà fo ihò àkọ́kọ́ kọjá, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù kí àwọn náà lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.